Ìwọ̀n Òfìfo

Lọ́jọ́ Ẹtì tó bá kẹ́yìn oṣù, a kì í wọn ọṣẹ.
Òfìfo là ń wọ̀n.
Abọ́ ike láìsí nǹkan nínú, ọmọrí rẹ̀ lọ́tọ̀,
bébà pẹlẹbẹ tí orúkọ wa wà lára ẹ̀,
páálí tó kó gbogbo wọn dé láti Bradford.
Dorota á pe iye, èmi á kọ ọ́ sílẹ̀:
gíráàmù méjìdínlógún.
Gíráàmù mẹ́rin.
Gíráàmù kan, ó dín díẹ̀. Kọ ọ́ ní ọ̀kan.

Ẹni tó ra ọṣẹ ti sanwó ọṣẹ.
Ìjọba ń béèrè èèpo.

Òfin ló bá wa ní Hull níbí, létí odò Humber
tó pọ́n bíi tíì tí wàrà pọ̀ nínú ẹ̀:
ẹni tó di ẹrù ni yóò gbọ́ bùkátà ìdì,
àjẹkù oúnjẹ ò sì gbọdọ̀ bá bébà sùn.
Ọ̀gbẹ́ni Threlfall ti káńsù lẹ àwòrán bíìnì mọ́ ògiri,
ó ṣàlàyé títí ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ,
ó mu tíì kan,
ó sì ju àpò tíì náà sínú bíìnì bébà.
Dorota wò mí. Mo wo òkè àjà.

Òkè àjà náà ni abọ́ dúdú wà, ẹgbàáfà,
tí Àńtí Adékúnbi rà ní gbàǹjo
lọ́dún tí ọjà kọ́kọ́ tà.
Lẹ́tà dé: owó ìyẹn ni yóò wọ́n jù.
Ẹ̀rọ tó ń ṣa ike, iná ló fi ṣe ojú,
ojú náà ò sì rí dúdú.
Abọ́ á kọjá níwájú ẹ̀ bí ẹni tí kò sí níbẹ̀,
á lọ bọ́ sí ààtàn.
"Kò rí dúdú?" Àńtí tún un kà.
Ó rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀.
A ò bi í pé irú omi wo ni.

A gbìyànjú bébà. Àdín là á já lọ́jọ́ kẹta.
Oníbàárà kan ní Gateshead fi fọ́tò ránṣẹ́:
ọṣẹ ti jẹ bébà, bébà ti jẹ ọṣẹ,
kí a dá owó òun padà.
A gbìyànjú bébà tí wọ́n fi ike tẹ́ nínú.
Wọ́n ní ìyẹn kì í ṣe bébà, kì í sì í ṣe ike,
àdán ni, kò ṣeku, kò ṣẹyẹ.

Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á dọṣẹ.
Ẹni tó sọ ọ́ kò tíì rí ike.
Ike á pẹ́ lára ọṣẹ, ọṣẹ á tán,
ọmọ ọmọ ẹni tí a ò tíì bí á fẹsẹ̀ kọ ọ́ nínú iyanrìn Withernsea,
níbi tí òkun ti ń jẹ ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀,
orúkọ Àńtí Adékúnbi lára ẹ̀ ketekete,
àti nọ́ńbà fóònù.

Ó ku iṣẹ́jú mẹ́wàá kí a ṣíwọ́.
Mo mú ọṣẹ tí màmá mi fi ránṣẹ́ láti Ìgbájọ jáde,
mo gbé e lé òṣùwọ̀n, bí eré.
Mo fẹ́ ṣí ewé rẹ̀. Ewé ò ṣí.
Mo fi èékánná họ ọ́,
n kò mọ̀ bóyá ìdì ni mo họ tàbí ẹrù.
Dorota ti gba bírò lọ́wọ́ mi:
"Abẹ́ èwo ni kí n kọ ọ́ sí?
Bébà, ike, gíláàsì, irin, igi?"

Màmá mi mọ̀ pé ọ̀nà jìn.
Ó ti kọ́kọ́ rọ ọ́ sínú ọ̀rá méjì,
ó ta kókó sí ọ̀kọ̀ọ̀kan.
Mo ní: ọ̀rá yẹn ni kí o kọ.
Gíráàmù mẹ́fà.
Ka kókó mọ́ ọn.